Bẹ́ ẹ ṣe lè rí lọ́yà ọ̀fẹ́ tàbí olówó pọ́ọ́kú l'Abẹ́òkúta

Ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́ kẹ́ ẹ tó lọ ta ọ̀kadà tàbí kẹ́ ẹ lọ bẹ̀bẹ̀ kó owó àjọ tí ò tíì kàn yín: tí ọ̀rọ̀ òfin bá dé bá yín l'Abẹ́òkúta níbí tówó ò sí lọ́wọ́, ibi tẹ́ ẹ lè sá lọ wà, ó sì ju ẹyọ kan lọ. Wàhálà ibẹ̀ ni pé oníkálukú ló ní irú ẹjọ́ tiẹ̀. Ẹ gbé ẹjọ́ ilẹ̀ lọ bá àwọn tó ń gbèjà ẹni tó wà ní sẹ́ẹ̀lì, wọ́n á ní àwọn ò ṣe é, ẹ̀yin náà á bínú jáde, ẹ á wá máa sọ fún gbogbo àdúgbò pé irọ́ ni, kò sí nǹkan ọ̀fẹ́ ní Nàìjíríà. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu èèyàn tó pọ̀, tẹ́ ẹ bá sì bi wọ́n pé ibo gan-an ni wọ́n lọ, ẹ á rí i pé ibi tí kì í ṣe tiwọn ni wọ́n gbé e lọ. Torí ẹ̀ ni mo ṣe máa tẹ̀ lé irú ọ̀rọ̀ tó bá wà nílẹ̀.

Ibi àkọ́kọ́ tó yẹ kó wá sí yín lọ́kàn ni Legal Aid Council, iléeṣẹ́ tó ń fún ẹni tówó ẹ̀ ò tó ní lọ́yà. Ìjọba àpapọ̀ ló dá a sílẹ̀ ní 1976, òfin 2011 ni wọ́n ń lò báyìí, wọ́n ní ọ́fíìsì ní gbogbo ìpínlẹ̀, ti Ògùn sì wà l'Abẹ́òkúta níbí. Tẹ́ ò bá mọ ibẹ̀, ẹ lọ sí kọ́ọ̀tù majísíréètì ní Ìṣábọ̀, ẹ wọlé tààrà sí rẹ́jísírì, ẹ bi akọ̀wé kọ́ọ̀tù, á júwe fún yín. Mo ní akọ̀wé inú rẹ́jísírì o, ẹ má bi àwọn tó dúró sẹ́nu géètì tó ń bèèrè pé "mọ́mì, ṣé ẹ ń wá lọ́yà?", màá padà sórí àwọn yẹn.

Ohun tí Legal Aid máa ń gbà ni ẹjọ́ ọ̀daràn tí wọ́n fi kan èèyàn, bí olè, ìjà tó dọ́gbẹ́, ìfipábánilòpọ̀, ìdigunjalè, títí dórí ìpànìyàn. Wọ́n tún máa ń gba ti ẹni tí wọ́n fi ẹ̀tọ́ ẹ̀ dù, bíi kí wọ́n ti èèyàn mọ́lé láì gbé e dé kọ́ọ̀tù tàbí kí agbófinró lu èèyàn bí ẹní máa kú, àti ti ẹni tí jàǹbá ṣẹlẹ̀ sí, yálà mọ́tò ló gbá a ni àbí ibi iṣẹ́ ló ti fara pa. Ẹjọ́ ogún, ẹjọ́ ilẹ̀, ìkọ̀sílẹ̀, ìyẹn ò sí lára ohun tí wọ́n máa bá yín dúró lé lórí ní kọ́ọ̀tù, àmọ́ wọ́n máa ń pe ẹ̀yin àtẹnì kejì jókòó kí wọ́n bá yín là á, kò sì sóhun tó burú nínú kẹ́ ẹ bèèrè.

Àwọn tó lẹ́tọ̀ọ́ sí i ni ẹni tí ohun tó ń wọlé fún un ò ju owó oṣù tó kéré jù lọ tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí, tó di 70,000 náírà ní 2024. Ẹni tówó ẹ̀ bá fi díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, òfin gbà wọ́n láyè láti ràn án lọ́wọ́ kóun náà sì dá díẹ̀ sí i. Ẹ wo iye èèyàn tó ń ta nǹkan ní Kútọ̀ àti Láfẹ́nwá tí ò rí iye yẹn lóṣù, tí wọ́n sì ń yáwó lọ bá lọ́yà aládàáni. Ẹ mú NIN tàbí káàdì ìdìbò yín dání, ẹ mú ìwé tó jẹ mọ́ ọ̀rọ̀ náà, ìwé ẹ̀sùn, lẹ́tà, fọ́tò ojú ọgbẹ́, ìwé dókítà, ohunkóhun tó bá ti wà, àti ohun tó lè fi hàn pé owó yín ò tó. Wọ́n á fi ọ̀rọ̀ wá yín lẹ́nu wò, wọ́n á kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù. Tí ẹni tọ́rọ̀ kàn bá wà látìmọ́lé, ẹbí ẹ̀ lè lọ fún un.

Ohun kan wà tó máa ń bí mi nínú, àwọn kan á débẹ̀, wọ́n á rí ọmọ kọ́pà tó wọ kóòtù dúdú, wọ́n á ní àwọn ò fẹ́ ọmọdé. Ọmọ kọ́pà tó bá ti di lọ́yà ti kàwé ẹ̀ tán, wọ́n ti pè é sí iṣẹ́ lọ́yà, òfin kan náà tí ọ̀gá ẹ̀ kà lòun náà kà, àìsùn tó sì máa fi ka fáìlì yín lóru lè máà sí lára ọ̀gá tó ní ọgọ́rùn-ún ẹjọ́ nílẹ̀.

Ó yá, ọlọ́pàá. Ibí ni mo fẹ́ ká dúró sí díẹ̀ torí ibẹ̀ lowó ti ń jó jù.

Ká ní wọ́n mú àbúrò yín ní Pánṣẹ́kẹ́ ní ìrọ̀lẹ́ Friday. Ẹ má dá lọ, ẹ mú àgbàlagbà kan dání tí kì í tètè bínú, ẹ sì rí i pé fóònù yín ní bátìrì. Tẹ́ ẹ bá dé káńtà, ẹ kí wọn dáadáa, ìkíni ò ní kẹ́ ẹ má bèèrè ohun tó tọ́ sí yín. "Ẹ kú iṣẹ́ sà. Àbúrò mi ni wọ́n mú wá nírọ̀lẹ́ yìí. Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ni wọ́n ló ṣe, ta sì ni IPO tó wà nídìí ẹ̀?" Orúkọ IPO yẹn, ìyẹn ọlọ́pàá tó ń wádìí ẹjọ́ náà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, àti aago tẹ́ ẹ débẹ̀. Wọ́n lè ní kẹ́ ẹ wá rí ọ̀gá lọ́la, wọ́n lè ní kẹ́ ẹ lọ "ṣe bí àgbà". Ẹ dáhùn pé, "A ti gbọ́ sà, ṣé a lè rí i ká fún un lóúnjẹ?" Tí wọ́n bá jẹ́ kẹ́ ẹ rí i, gbólóhùn kan péré ni kẹ́ ẹ sọ fún un: kó má kọ sítétímẹ́ǹtì tàbí kó fọwọ́ sí ohun tí ò yé e títí tó fi máa rí lọ́yà. Òfin orílẹ̀-èdè wa ti 1999, abala 35, ló fún un lẹ́tọ̀ọ́ láti panu mọ́ títí ìgbà yẹn, abala kan náà ló sọ pé láàárín wákàtí 24 kí wọ́n kọ ìdí tí wọ́n fi mú un sílẹ̀ fún un, ní èdè tó gbọ́. Tó bá jẹ́ Yorùbá ló gbọ́, Yorùbá ni o.

Abala yẹn náà ló sọ pé tí kọ́ọ̀tù bá wà láàárín kìlómítà 40 síbi tí wọ́n ti mú èèyàn, ọjọ́ kan péré ni wọ́n ní láti fi gbé e débẹ̀, níbòmíì ọjọ́ méjì tàbí ohun tí kọ́ọ̀tù bá rí i pé ó bójú mu. Ẹ bá mi wò ó, láti Ọ̀bàntókò dé Ìṣábọ̀, láti Adátán, láti Láfẹ́nwá, èwo ló tó kìlómítà 40 níbẹ̀? Ẹ̀sùn tí ìjìyà ẹ̀ jẹ́ ikú nìkan ni òfin yọ sọ́tọ̀. Torí náà tí àbúrò yín bá ti sùn síbẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ẹjọ́ ẹ̀tọ́ èèyàn ti dé nìyẹn, ó sì ti di ohun tí Legal Aid máa gbà lọ́wọ́ yín. Wọ́n tiẹ̀ ní ètò kan pẹ̀lú ọlọ́pàá tí wọ́n ń pè ní Police Duty Solicitor Scheme, tí lọ́yà á máa lọ sí tésàn láti lọ wo àwọn tó wà ní sẹ́ẹ̀lì lọ́fẹ̀ẹ́, Force Order 20 ni ìwé àṣẹ ọlọ́pàá tó wà fún un. Ẹ dárúkọ ẹ̀ fún DPO, ìyẹn ọ̀gá tésàn, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ẹ má fi halẹ̀. Tí wọ́n bá ti gbé e lọ sí Ẹlẹ́wẹ̀ẹ́ràn, olú iléeṣẹ́ ọlọ́pàá ìpínlẹ̀, ẹ bèèrè ẹ̀ka tó wà lọ́hùn-ún kẹ́ ẹ tó kúrò ní tésàn àkọ́kọ́, torí ibẹ̀ tóbi, ẹ lè máa yípo títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Bélì ọ̀fẹ́ ni, wọ́n kọ ọ́ sára ògiri. Onídùúró ni wọ́n ń wá, ẹni tó ní àdírẹ́ẹ̀sì àti iṣẹ́ tó ṣeé mọ̀. Nǹkan méjì míì tún wà nínú Police Act 2020 tó yẹ kí gbogbo ilé mọ̀: wọn ò gbọdọ̀ mú ìyá nítorí ọmọ tàbí mú ìyàwó nítorí ọkọ tó sá lọ, wọn ò sì gbọdọ̀ mú èèyàn torí gbèsè lásán tàbí torí àdéhùn òwò tó bàjẹ́. Ẹni tó jẹ yín lówó àjọ, kọ́ọ̀tù ni kẹ́ ẹ gbé e lọ, ẹ má fi ọlọ́pàá gba gbèsè, torí ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ bá yí bírí, ẹ̀yin gan-an ni lọ́yà tiẹ̀ máa pè lẹ́jọ́.

Fún àwọn tó ti wà ní ẹ̀wọ̀n Ìbarà tàbí ti Ọbà tí wọ́n ń dúró de ẹjọ́, kí ẹbí má rò pé ó ti tán. Ẹni náà lè bẹ ọ̀gá ẹ̀ṣọ́ kó bá òun kàn sí Legal Aid, àwọn ẹgbẹ́ lọ́yà ẹlẹ́sìn náà sì máa ń ṣèbẹ̀wò sí ọgbà ẹ̀wọ̀n, MULAN ni ti àwọn Mùsùlùmí, CLASFON ni ti àwọn Kristẹni, wọn ò sì ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ka kéú tàbí ka Sáàmù kí wọ́n tó gba ẹjọ́ yín.

Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ obìnrin àti ọmọ, ọkọ tó ń nà, bàbá tó kọ̀ tí ò fowó oúnjẹ sílẹ̀, wọ́n gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá, FIDA ni, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn lọ́yà obìnrin, wọ́n ní ẹ̀ka ní Ògùn. Àwọn obìnrin yẹn ò gbọ̀jẹ̀gẹ́, tí wọ́n bá kọ lẹ́tà sí bàbá kan, ọ̀pọ̀ ìgbà ló máa wá jókòó. Iléeṣẹ́ ọ̀rọ̀ obìnrin ní Òkè-Mọ́sàn náà wà níbẹ̀. Ìpínlẹ̀ Ògùn ti ní òfin tó lòdì sí ìwà ipá sí èèyàn láti 2017, kì í ṣe pé wọ́n ń ṣàánú yín. Tó bá wá jẹ́ ìfipábánilòpọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ọsibítù ṣáájú lọ́yà. Kí ẹni náà má tíì wẹ̀, kó má fọ aṣọ tó wọ̀, kó lọ sí ọsibítù ìjọba ní Ìjàyè tàbí FMC ní Ìdí-Abà lọ́jọ́ náà gan-an, torí ìwé tí dókítà bá kọ lọ́jọ́ yẹn ni lọ́yà máa gbé lọ síwájú adájọ́. Ẹni tó bá sì ní kẹ́ ẹ jẹ́ ká lọ parí irú ẹ̀ lọ́dọ̀ baálẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ níbẹ̀.

Baálẹ̀ àti àgbààgbà ẹbí wúlò gan-an fún ààlà ilẹ̀, aáwọ̀ àárín ìyá àti ìyá, omi òjò tó ń ya wọ ilé aládùúgbò. Òun ló rọrùn jù, òun ló sì yá jù, ohun tó kù díẹ̀ káàtó níbẹ̀ ni pé ẹnu ni wọ́n fi ń parí ẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ̀yin méjèèjì fọwọ́ sí i, kí ẹlẹ́rìí méjì fọwọ́ sí i, kẹ́ ẹ ní ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ èyí tó lágbára jù bẹ́ẹ̀, Ògùn ní Multi-Door Courthouse, lábẹ́ kọ́ọ̀tù ló wà, ìlàjà ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀, ẹ ò ní dúró bí ìgbà tẹ́ ẹ wà nínú kọ́ọ̀tù, ohun tẹ́ ẹ bá sì fẹnu kò sí níbẹ̀ máa dè yín. Àwọn àgbà ní a kì í ti kọ́ọ̀tù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́, ìyẹn ni ìdí tí mo fi fẹ́ràn ibẹ̀ fún àwọn tí wọ́n ṣì máa jọ gbélé, tí wọ́n ṣì máa jọ ṣòwò ní Ìtòkú.

Kọ́ọ̀tù ìbílẹ̀ náà kò fi dandan ní lọ́yà. Ẹjọ́ ìgbéyàwó ìbílẹ̀, ogún, gbèsè kékeré, ẹ lè gbé e lọ fúnra yín, Yorùbá lẹ máa sọ, akọ̀wé ibẹ̀ á bá yín kọ ẹ̀sùn yín sílẹ̀, owó tẹ́ ẹ máa san ò tó nǹkan. Gbogbo owó tẹ́ ẹ bá san ní kọ́ọ̀tù, ẹ gba rìsíìtì. Ìwé ìbúra náà, rẹ́jísírì kọ́ọ̀tù ni kẹ́ ẹ ti ṣe é, níwájú ẹni tó ń gba ìbúra, kì í ṣe kí ọmọ bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà kan lu òǹtẹ̀ tó ti wà nínú dúrọ́ọ̀ ẹ̀ látọjọ́ pípẹ́.

Ayálégbé ńkọ́? Lanlọ́ọ̀dù kò gbọdọ̀ ká páànù orí ilé, kò gbọdọ̀ yọ ilẹ̀kùn, kò gbọdọ̀ gé iná torí kẹ́ ẹ lè kúrò. Ó gbọ́dọ̀ fún yín ní nótíìsì, lẹ́yìn ẹ̀ nótíìsì ọlọ́jọ́ méje, lẹ́yìn ìyẹn kọ́ọ̀tù ló kù. Ọ̀pọ̀ ti rí ìwé ọlọ́jọ́ méje, wọ́n ti kó ẹrù lóru. Ìwé ọjọ́ méje yẹn ń sọ pé ó fẹ́ lọ sí kọ́ọ̀tù ni, ẹ dúró, ẹ lọ síbi ìlàjà. Ti àwọn ọmọ onílẹ̀ tó ń fi tọ́ọ̀gì gba ilẹ̀ ti kọjá ìlàjà o, òfin ìpínlẹ̀ Ògùn ti 2016 sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ tó ń gbéni lọ sẹ́wọ̀n, ẹ kọ̀wé sí ọlọ́pàá, kẹ́ ẹ sì fi ẹ̀dà ẹ̀ ránṣẹ́ sí iléeṣẹ́ ètò ìdájọ́ ní Òkè-Mọ́sàn.

Tí ẹni tẹ́ ẹ ń bá jà bá jẹ́ ọ́fíìsì ìjọba tàbí iléeṣẹ́ ńlá, bíi pé gratuity bàbá yín kò jáde, bílì iná tó ya wèrè, ẹ gbà á lọ sí Public Complaints Commission. Láti 1975 ni wọ́n ti wà, ọ̀fẹ́ ni, ẹ lè fẹnu sọ ọ́ kí wọ́n kọ ọ́. Àmọ́ wọn ò ní gbà á tó bá ti wà ní kọ́ọ̀tù, wọ́n á sì bi yín pé ṣé ẹ ti kọ̀wé sí ọ́fíìsì náà fúnra ẹ̀, torí náà ẹ kọ́kọ́ kọ ọ́, kí wọ́n fọwọ́ gbà á lórí ẹ̀dà tiyín. Ti ìyà lọ́wọ́ agbófinró, National Human Rights Commission ni, àwọn náà kì í gbowó.

Ẹni tí maṣíìnì gé lọ́wọ́ níbi iṣẹ́ tàbí tí òkúta ya lù níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta, ẹ má jẹ́ kí ọ̀gá fi 20,000 àti "pẹ̀lẹ́" tán an. Lábẹ́ Employee's Compensation Act ti 2010, ó yẹ kẹ́ ẹ fi tó ọ̀gá létí láàárín ọjọ́ 14, kẹ́ ẹ sì béèrè owó gbà-má-bínú lọ́dọ̀ NSITF, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó o, láàárín ọdún kan, àpò tí àwọn agbanisíṣẹ́ ń dáwó sí ló ti ń jáde. Ọdún kan yẹn ń sáré ju bẹ́ ẹ ṣe rò.

Tí gbogbo èyí ò bá bá yín mu tẹ́ ẹ sì ní láti sanwó, ẹ lọ bá ẹgbẹ́ lọ́yà, NBA ẹ̀ka Abẹ́òkúta, ẹ ní kí wọ́n júwe ẹni tó ń gba ẹjọ́ ọ̀fẹ́ tàbí tó ń gba owó díẹ̀díẹ̀. Ẹ lè lọ bèèrè ní Crescent University náà lójú ọ̀nà Ayétòrò, Bọ́lá Ajíbọ́lá tó ti ṣe mínísítà ètò ìdájọ́, tó tún ṣe adájọ́ ní kọ́ọ̀tù àgbáyé, ló dá a sílẹ̀, ẹ̀kọ́ òfin sì wà níbẹ̀, àwọn olùkọ́ ibẹ̀ mọ lọ́yà. Ẹ ò sì ní láti ra gbogbo iṣẹ́ pọ̀. Ẹ lè sanwó fún ìmọ̀ràn nìkan, ẹ lè sanwó fún lẹ́tà kan ṣoṣo, ọ̀pọ̀ gbèsè ni lẹ́tà lọ́yà kan ti gbà padà láì dé kọ́ọ̀tù. Ẹ ní kó kọ iye ẹ̀ sílẹ̀ àti ohun tó wà nínú ẹ̀, ẹ bèèrè pé "ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé owó fáìlì wà lára ẹ̀, àbí ọ̀tọ̀ ni?" Kẹ́ ẹ sì wo ìwé tó bá kọ, òǹtẹ̀ NBA tó ní orúkọ ẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lára ẹ̀. Àwọn tó wà lẹ́nu géètì tí mo ní màá padà sí, àwọn tí wọ́n ń pè ní charge and bail, lọ́yà gidi wà nínú wọn, ayédèrú náà sì wà, òǹtẹ̀ yẹn lẹ máa fi mọ̀ wọ́n. Ẹni tí kò bá lè fi hàn yín, ẹ dá owó yín padà sápò.

Kẹ́ ẹ tó lọ bá ẹnikẹ́ni nínú wọn, ẹ kọ ìtàn yín sórí ojú ìwé kan, ní ọjọ́ ọjọ́. Báyìí:

"3 March: mo san 180,000 fún lanlọ́ọ̀dù, alert wà lórí fóònù. 10 August: ó fún mi ní nótíìsì, ìwé náà rèé. 2 September: ó yọ ilẹ̀kùn bàlùwẹ̀, fọ́tò méjì, ìyá tó wà ní yàrá kejì rí i."

Ó tó bẹ́ẹ̀. Ẹ yọ èébú kúrò, ẹ yọ àdúrà kúrò, ohun tẹ́ ẹ gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíì, ẹ kọ ọ́ sọ́tọ̀ pé ẹ gbọ́ ọ ni. Kẹ́ ẹ sì sọ èyí tí kò dáa nínú tiyín náà, tẹ́ ẹ bá jẹ owó ilé oṣù mẹ́rin, ẹ sọ ọ́, torí tí lọ́yà yín bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ lẹ́nu lọ́yà kejì níwájú adájọ́, ojú á tì í, ẹjọ́ á sì dojú rú. Ẹ mú ẹ̀dà ìwé lọ, kí ojúlówó wà nílé.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gbà á, ẹ má lọ sùn o. Lọ́yà ọ̀fẹ́ ní ẹjọ́ púpọ̀ lọ́wọ́, ẹ bèèrè ọjọ́ tí ẹjọ́ kàn, ẹ pè é lọ́jọ́ méjì ṣáájú, ẹ dé kọ́ọ̀tù kó tó di aago mẹ́sàn-án, kódà tó bá jẹ́ pé wọ́n á tún sún un. Tí kò bá yọjú lẹ́ẹ̀mejì léraléra, ẹ lọ bá ọ̀gá ọ́fíìsì wọn pẹ̀lú ọjọ́ méjèèjì lákọsílẹ̀, wọ́n lè fún ẹlòmíì. Tẹ́ ẹ bá sì yí nọ́ńbà fóònù padà, ẹ lọ sọ fún wọn lọ́jọ́ náà.